Láti Àwo Lánlátẹ̀ dé Orí Tábìlì: Ta Ni Ó Ń Ru Ẹrù Iná?

Bí a bá dárúkọ Ìbàràpá lónìí, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àwọn ìbejì Igbó-Ọrà, àti ọbẹ̀ ìlasa tí wọ́n máa ń sọ pé òun ni ó ń fà wọ́n wá. N kò ní bá ọ̀rọ̀ ìbejì lọ jìnnà nínú àròkọ yìí. Ìlú mìíràn nínú Ìbàràpá Méje ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìlú tí ó múlé ti Èrúwà, tí àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti gòkè díẹ̀ kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n má rántí àwo ńlá kan tí ó kọjú sí ojú ọ̀run. Lánlátẹ̀ ni ìlú náà. Ní ọdún 1971 ni ọ̀rọ̀ ẹnu Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá lọ sí òkè òkun, tí ọ̀rọ̀ òkè òkun náà sì ń gba ibẹ̀ wọlé tọ̀ wá wá. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti kọ nǹkan nípa ibùdó yìí, títóbi àwo náà ni wọ́n máa ń ròyìn. Ní tèmi, iná tí ó gbé àwo náà ró ni ó jẹ mí lógún: ta ni ó ń pèsè rẹ̀, báwo sì ni ẹrù ìpèsè náà ṣe kúrò léjìká àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó fi wá bọ́ sí orí tábìlì èmi àti ẹ̀yin?

Ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àwa àti òkè òkun kò bẹ̀rẹ̀ ní Lánlátẹ̀. Àwọn baba wa ní àrokò, wọ́n sì ní ìlù, ṣùgbọ́n èyíkéyìí nínú méjèèjì kò lè la òkun já. Ní ọdún 1886 ni àwọn òyìnbó so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù pẹ̀lú okùn tẹligíráàmù tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun. Nígbà tí ó fi máa di 1893, àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ti ní tẹlifóònù. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ń fà bí ìgbín, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a gba òmìnira ní ọdún 1960, ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò ju 18,724 lọ, fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 45 ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ará òkè òkun ní láti gba ọ̀nà ìgbì rédíò tí ó ń fò lọ sókè tí ó sì ń ta padà sí ilẹ̀ láti ojú sánmà. Ohùn náà a máa lọ, a máa bọ̀, bí ohùn ẹni tí ó ń pe ènìyàn láti òdì kejì odò lásìkò ìjì. Ilé-iṣẹ́ Nigerian External Telecommunications, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NET, ni ó gba iṣẹ́ yìí lẹ́yìn òmìnira. Ìjọba àpapọ̀ àti kòǹpìnnì Cable & Wireless ni wọ́n jọ ni ín, kí ìjọba tó gbà á pátápátá ní ọdún 1972.

Ní ọdún 1945, Arthur C. Clarke, ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Wireless World pé bí a bá lè gbé ẹ̀rọ kan sí òkè ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀, ní ọ̀gangan ìlà tí ó pín ayé sí méjì, ẹ̀rọ náà yóò máa bá ayé yí ní ìwọ̀n kan náà, yóò sì dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Ogún ọdún lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Àwọn orílẹ̀-èdè kan para pọ̀ ní 1964 láti dá INTELSAT sílẹ̀. Ní 1965 ni sátẹ́láìtì wọn àkọ́kọ́, Early Bird, gòkè. Ibùdó Lánlátẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí Nàìjíríà gbà wọ inú ẹgbẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi ìṣirò kan, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1971 ni INTELSAT gbé àkọ́kọ́ nínú irú sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní INTELSAT IV lọ sí òkè Òkun Àtìláńtíìkì. Ẹ̀rọ àtagbà méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpè ni gbogbo wọn sì lè rù papọ̀. Agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹ̀rọ àtagbà wọ̀nyí fi ń sọ̀rọ̀ wá sí ilẹ̀ jẹ́ wáàtì 6 péré. Gílóòbù kékeré inú fíríìjì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣájà fóònù tí ó ń fúnni ní fóòtì 5 àti ámpíà 2, wáàtì 10 ni tirẹ̀. Pẹ̀lú agbára tí kò tó ti ṣájà ni ohùn fi ń rin ìrìn 36,000 kìlómítà, nígbà tí ó bá sì fi máa dé ilẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí etí lásán kò lè gbọ́. Ìdí nìyí tí àwo irú àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀ nígbà náà fi ní láti fẹ̀ tó nǹkan bíi 30 mítà, kí ó lè gbá gbogbo èérún ohùn náà jọ sójú kan. Ẹ̀rọ tí ó ń gba ohùn náà sínú pàápàá, wọ́n ní láti mú un tutù ju yìnyín lọ fíìfíì kí ariwo ara rẹ̀ má baà bo ohun tí ó fẹ́ gbọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kì í sì lọ dúró sí àárín ọjà. Ibi tí ó jìnnà sí ariwo ìgbì rédíò ìlú ńlá, tí àwọn òkè sì yí ká láti dènà ariwo náà, ni àwọn ẹnjiníà máa ń wá fún irú iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ olókè ni Ìbàràpá, kò sì jìnnà sí Èkó ju bí wọ́n ṣe lè ta ohùn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lò ó.

Àwọn tí wọ́n lo tẹlifóònù láyé ọjọ́un kò ní gbàgbé bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń pẹ́ lọ́nà. Ohùn a lọ sókè, a padà sílẹ̀, ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan á ti lọ. Ìdáhùn náà a tún jẹ iye kan náà. Òyìnbó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju gbólóhùn méjì lọ lè má tilẹ̀ fura. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni a jẹ́: a ní láti béèrè ilé, ọ̀nà, ọmọ, ìyàwó, àna. Kí ẹni òkè òkun tó dáhùn "A dúpẹ́" sí èkínní, ẹni ilé ti wà lórí ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ méjèèjì a sì forí gbárí lójú ọ̀run. Owó sì ń lọ.

Iná ni mo ń bọ̀ wá bá. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kì í fi ara rẹ̀ lé iná mọ̀nàmọ́ná ìta nìkan lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tí ń mu dísù a wà níbẹ̀, àgbájọ bátìrì a sì wà tí yóò gbé ẹrù náà láàárín ìgbà tí iná lọ sí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti Èkó sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Bí ìṣẹ́jú kan péré bá dá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìpè ni yóò já. Wọ́n kò rí iná bí ohun tí ó yàtọ̀ sí ìbánisọ̀rọ̀. Ọ̀kan náà ni méjèèjì jẹ́ lójú wọn.

Kì í ṣe ní ibùdó nìkan ni wọ́n ti mọ èyí. Ẹ rántí tẹlifóònù dúdú onínọ́ńbà yíyí tí ó máa ń wà ní pálọ̀ àwọn ọlọ́lá. Okùn rẹ̀ kì í wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná. Ibo ni ó ti ń rí agbára? Láti ilé tẹlifóònù ni, níbi tí bátìrì ńláńlá tí ó ń pèsè fóòtì 48 wà, tí wọ́n sì ń fi okùn tẹlifóònù kan náà tí ó gbé ohùn gbé agbára yìí wọ inú ilé oníbàárà. Nítorí náà, NEPA lè mú iná lọ, kí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, síbẹ̀ bí ẹ bá gbé tẹlifóònù sétí, ẹ óò gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó ń dún. Bí ìlà náà bá bàjẹ́, a máa bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn tí ó ń tún un ṣe a sì máa béèrè ohun tí kò tọ́ sí wọn. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń yin ayé àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó tà ìbánisọ̀rọ̀ fún wa nígbà náà, ó ta iná rẹ̀ mọ́ ọn.

A kì í gbé inú omi kí ọṣẹ ó wọ̀ wá lójú, ṣùgbọ́n ó wọ Lánlátẹ̀ lójú. Ìlú tí ohùn orílẹ̀-èdè ń gbà kọjá, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó lè gbé tẹlifóònù nínú ilé ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa: títí di nǹkan bí ọdún 2000, ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní Nàìjíríà, tí èrò rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 100, kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Àgbẹ̀ a kọjá lábẹ́ òkè tí àwo náà wà, a máa lọ sí oko ẹ̀gẹ́, ọmọ rẹ̀ a sì wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń gbúròó ara wọn.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò ṣòro láti rò. Ní oṣù kìíní 1985, ìjọba da NET pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní NITEL. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káàkiri. Láàárín ìgbà kan náà ni okùn abẹ́ òkun tuntun tí wọ́n ń pè ní SAT-3 gúnlẹ̀ sí Èkó, okùn MainOne sì tẹ̀lé e ní 2010. Àwọn okùn wọ̀nyí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ nínú gíláàsì tín-ín-rín, iye tí wọ́n sì ń gbé lọ́jọ́ kan ju ohun tí àwo Lánlátẹ̀ lè gbé lọ́dún. NITEL ṣubú, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Àwo Lánlátẹ̀ dákẹ́. Àyídáyidà ayé ni: láti inú òkun ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ wá ní 1886, ó gba ojú ọ̀run fún sáà kan, ó sì tún padà sínú òkun.

Àwọn kòǹpìnnì GSM gbé ẹrù iná tiwọn. Ìdí òpó wọn kọ̀ọ̀kan ni ẹ óò ti bá jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì. Ẹni tí ó bá sún nítòsí ọ̀kan mọ ariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi òpó ni ẹrù wọn parí sí. Láti òpó wọ inú ilé, oníbàárà ni ó ni iná. Orúkọ ilé-iṣẹ́ iná tilẹ̀ ń yí padà, láti ECN ti 1950 sí NEPA ti 1972, sí PHCN ti 2005, títí wọ́n fi pín in fún àwọn aládàáni ní 2013. Iná náà kò tìtorí ìyẹn dúró. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ wọ íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí, tí kò sí okùn kankan tí ó wá bá a, ẹ̀rọ kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni yóò rà, èyí tí a ń pè ní MiFi. Síìmù kan ni ó máa ń wà nínú rẹ̀. A gba ohùn láti orí òpó, a sì pín in fún àwọn tí ó yí i ká. Àwọn mìíràn a tún so ó mọ́ ráútà, kí ó lè ká ilé ńlá. Ohun tí wọ́n ṣe ní Lánlátẹ̀ pẹ̀lú àwo 30 mítà, oníṣọ́ọ̀bù kan ń ṣe irú rẹ̀ lórí tábìlì: ó ń gba ohùn tí ó ti rẹ̀ lọ́nà, ó sì ń pín in. Òun ni ibùdó, òun náà ni ilé tẹlifóònù. Òun náà ni bátìrì.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà fún ẹ̀rọ yìí ní iná ni USB. Kò sí ẹni tí ó ń lo fóònù tí kò mọ okùn USB, ṣùgbọ́n ìba díẹ̀ ni ó mọ ìtàn rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1996 ni àwọn kòǹpìnnì kọ̀ǹpútà gbé e jáde, kí oríṣiríṣi ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà lè di ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò ṣe é fún iná. Iná tí ó wà nínú rẹ̀ dà bí ẹ̀ẹ̀kún fún àwọn ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ bíi àtẹ bọ́tìnnì àti ẹ̀rọ atọ́ka tí a ń fi ọwọ́ tì: fóòtì 5, ámpíà kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì lọ. Wáàtì 2.5 ni èyí. Nígbà tí USB 3.0 dé ní 2008, wọ́n sún un sí 4.5. Àwọn òfin tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti mú un gòkè gan-an, títí dé wáàtì 240 ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n ihò USB tí ó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú tí à ń rà ní ọjà, ti àkọ́kọ́ ni.

Ohun kan wà nínú òfin USB tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nítorí pé ó jọ ìwà ọmọlúàbí. Ẹ̀rọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ihò náà kò ní ẹ̀tọ́ láti gba ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ámpíà lọ. Ó ní láti kágò. Yóò sọ ẹni tí òun jẹ́ àti iye tí òun fẹ́. Onílé a sì dá a lóhùn pé kó wọlé tàbí kó má wọlé. Ṣájà lásán kò ní irú ìjíròrò yìí. Ó kàn ní àmì kan tí ó fi ń sọ fún àlejò pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ó mu dé ibi tí agbára òun mọ. Ìdí nìyí tí MiFi kan náà fi lè yó lára ṣájà, kí ebi sì máa pa á lára ráútà tàbí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ okùn kan náà ni, ihò kan náà ni.

Ní ọdún 2023, mo wà ní Lánlátẹ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́ nítorí iṣẹ́ ìwádìí tí mo ń ṣe lórí ẹ̀ka-èdè Ìbàràpá. Mo fẹ́ fi ohùn àwọn àgbà tí mo gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń bá mi dà wọ́n kọ. Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi, ti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni oníbàárà rẹ̀: ìforúkọsílẹ̀, sísan owó ilé-ìwé, títẹ iṣẹ́ àṣekágbá. Mo bá wọn bíi mẹ́jọ níbẹ̀, ojú gbogbo wọn le. Ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n wá ṣe yóò parí ní ọ̀gànjọ́ ọjọ́ náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wá, ó ń lọ. Ọmọbìnrin kan ti kọ ọ̀rọ̀ kún ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

"Dókítà, ẹ má bínú o," ni Ìyá Ìbejì wí. "Nẹ́tíwọ̀kì Lánlátẹ̀ ni ẹ ń wò yẹn. Síìmù kẹta rèé láàárín oṣù méjì."

Ó ti ra síìmù mẹ́ta. Ó ti ra dátà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ti ń rìn lọ sí Èrúwà. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, n kò sì dá sí i. Ọmọkùnrin kan nínú àwọn tí ó ń dúró, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì, ni ó sún mọ́ tábìlì, tí ó tọrọ gáfárà, tí ó sì yí ráútà dojú bolẹ̀ láti ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. USB: fóòtì 5, ámpíà 0.5. Ó yí MiFi náà: fóòtì 5, ámpíà 1. Ó wo ìkòkò iná tí ó ń bọ́ ráútà fúnra rẹ̀: fóòtì 12, ámpíà 0.5, èyí tí í ṣe wáàtì 6 fún ráútà àti gbogbo ohun tí ó bá rọ̀ mọ́ ọn.

"Mọ́mì, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì o," ni ó wí. "Iná ni kò gbé e."

Obìnrin náà kò gbà. Iná ìtọ́ka orí MiFi ń tàn, ó ní, báwo ni iná kò ṣe ní gbé e? Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ MiFi kúrò lára ráútà, ó so ó mọ́ ṣájà fóònù tí ó jẹ́ ámpíà 2, ó sì mú kọ̀ǹpútà gba afẹ́fẹ́ láti ara MiFi tààrà. Ó dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, kò já. Ó dá a padà sára ráútà: kò pẹ́ tí bátìrì inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ wà lára iná. Èyí ṣàlàyé ohun tí Ìyá Ìbejì ti ń rí tí kò yé e, pé láàárọ̀ ni ohun gbogbo máa ń dára, ọ̀sán ni wàhálà máa ń dé. Bátìrì tí ó kún láti òru ni MiFi ń jẹ láàárọ̀. Nígbà tí ó bá jẹ ẹ́ tán, ohun tí ráútà ń fún un kò tó o. A kú, a tún jí, a kú. Nígbà tí ó bá sì jí, a fẹ́ mu púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ráútà náà a sì ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó kan okùn. Okùn gígùn tí ó tín-ín-rín, tí ó tó mítà kan àti ààbọ̀, ni wọ́n ń lò kí MiFi lè dé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Òun gan-an ń jẹ nínú iná tí ó ń gbé: irú okùn bẹ́ẹ̀ lè jẹ fóòtì tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì bí ámpíà 1 bá ń gbà á kọjá, kí 5 tí ó kúrò nílé má sì tó 4.5 nígbà tí ó bá dé ọ̀hún. Wọ́n fi okùn kúkúrú tí ó nípọn rọ́pò rẹ̀. Ìkẹyìn, ọmọ náà gbé MiFi kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó fara ti ògiri, ó gbé e sí ojú fèrèsé tí ó kọjú sí òpó. Mo rò pé nítorí kí ohùn lè mọ́ ni; òun ni ó là mí lóye pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òpó bá jìnnà tàbí bí ògiri bá dí i, MiFi ní láti pariwo kí òpó tó gbọ́ ọ, ariwo náà sì ń jẹ iná. Níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá ti lágbára, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ti ń béèrè iná púpọ̀ jù. Àwọn méjèèjì, nẹ́tíwọ̀kì àti iná, jọ jẹ̀bi nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni à ń fi ẹ̀sùn kàn.

Ọmọbìnrin tí ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin parí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àwọn yòókù parí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Gbólóhùn ọmọkùnrin náà ni mo gbé lọ sílé. "Iná kò gbé e." Ìgbà gbogbo ni à ń sọ ọ́ fún fíríìjì àti fún áyọ́ọ̀nù: iná wá, ó ń tàn, ṣùgbọ́n kò lágbára tó láti ṣiṣẹ́. Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ láàárín kí iná wà àti kí iná tó, wọ́n sì ti fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sọ ọ́. A kò kàn rò ó pé ohun tí kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ lè ní irú àìsàn tí fíríìjì ń ní. Nígbà tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa kó ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jọ, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó jẹ wọ́n lógún. Ti iná mọ̀nàmọ́ná ṣì wà nílẹ̀ de àwọn mìíràn. Nínú kíláàsì, mo máa ń fi omi ṣe àpèjúwe: fóòtì ni bí omi ṣe ń tì láti inú tánkì, ámpíà ni bí omi tí ó ń jáde ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n lójú pópó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti gba gbogbo rẹ̀ mọ́ ara, "nẹ́tíwọ̀kì". Ó ti di ohun tí ibà jẹ́ láyé àtijọ́, nígbà tí gbogbo ara gbígbóná ń jẹ́ ibà, ohunkóhun tí ó wù kí ó fà á. Ẹni tí ó bá sì pe àìsàn ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò rà. Síìmù mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé power bank ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ẹni kan tí ó ń lò ó fún wákàtí mélòó kan, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn a máa pa ara wọn bí ẹ̀rọ tí wọ́n ń bọ́ kò bá gba iná tí ó pọ̀ tó. Àwọn mìíràn kò lè gbà kí wọ́n sì fúnni lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà bí iná bá ti lọ tàbí bí ó bá ti dé, ìṣẹ́jú-àáyá kan tí wọ́n fi ń yí padà ti tó láti pa MiFi. Bátìrì inú MiFi pàápàá, bí ó bá ń wà lára iná tọ̀sán-tòru nínú ooru, a máa wú. Èyí tí ó bá ti wú, kí a yọ ọ́ kíá ni, kí a má ṣe gún un, kí a má sì jù ú sínú iná.

Nígbà tí mo tún gba Lánlátẹ̀ kọjá ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ìyá Ìbejì ti ra bátìrì olómi fóòtì 12 kan, irú èyí tí ó wà nínú mọ́tò ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣe fún iná oòrùn, ó sì gbé e sábẹ́ tábìlì. Páńẹ́lì kan wà lórí páànù tí ó ń bọ́ ọ lọ́sàn-án. Láti ara bátìrì yìí ni ráútà ti ń gba fóòtì 12 rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan sì ń sọ 12 di 5 fún MiFi, pẹ̀lú okùn tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Bí iná ìta bá lọ, kò sí ohun tí ó kan àwọn méjèèjì. Ó sọ fún mi pé owó bátìrì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kọ̀ǹpútà kan, wọ́n sì ti sọ fún un pé kò ní lò ju ọdún díẹ̀ lọ kí ó tó ra òmíràn.

Mo béèrè bí ó ṣe ń rí owó náà padà. Ó ní òun ti fi díẹ̀ lé owó ìforúkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ráhùn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ń san án.